Ẹ Dijú, Ẹ Lajú

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí oòrùn tó yọ, Armelle a ti jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín agbo ilé. A ká ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, a sì de ọ̀já dúdú kan mọ́ iwájú orí. Ọ̀já náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó sì yí lọ sẹ́yìn etí rẹ̀ méjèèjì, irin wẹ́wẹ́ mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Bó bá ti dè é tán, a fọwọ́ kan fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a dijú, a sì máa ṣe àṣàrò fún ogún ìṣẹ́jú.

Laurent, àbúrò bàbá rẹ̀, máa ń wò ó láti ojú fèrèsé, tòun ti ife kọfí lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ ohun tí ọmọ náà ń dè mórí, àmọ́ kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lomé, nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi ìpara funfun lẹ irin wẹ́wẹ́ mọ́ orí àwọn aláìsàn, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó sì máa wo ìgbì ọpọlọ wọn bó ti ń di ìlà lórí bébà. “Ẹ dijú,” ni yóò wí fún wọn. “Ẹ lajú. Ẹ tún dijú.” Nígbà tó bá yá, a kọ ohun tó rí sísàlẹ̀ ìwé, dókítà a sì bu ọwọ́ lù ú.

Ní abúlé wọn, tó wà kọjá Anié ní ìhà Moretan, kò sẹ́ni tó mọ irú iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Patricia, kú, tó sì kó ẹrù padà wá sí ilé bàbá rẹ̀, àwọn ènìyàn gbé ọmọ tó ní ibà wá bá a pé kó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní òun kò mọ abẹ́rẹ́ gún. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọkùnrin tó pẹ́ tó yẹn ní ilé ìwòsàn! Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní ahun ni. Láti ìgbà náà, ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú ilé ló kù láàárín òun àti wọn. Eric, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Libreville, ó sì máa ń pè é lọ́jọọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pẹ́. Ara ńkọ́, òjò ńkọ́, ó dàbọ̀.

Ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé bẹ́ẹ̀ kí Armelle tó dé. Ọmọ Antoine ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, èyí tó kú sí ilẹ̀ Faransé. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lọ́kọ. Ó ní òun fẹ́ fi oṣù mẹ́ta sinmi ní ilé bàbá òun. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, òun náà kò sì sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣì mú gan-an, Laurent gbọ́ tí nǹkan balẹ̀ pọ̀ọ̀. Armelle ti já ọ̀já náà kúrò lórí, ó sì ti sọ ọ́ mọ́ ẹní. Laurent gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó jáde sí i.

“Armelle, kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan, Tọ́ntọ̀n. Ẹ má bínú, mo jí yín.” Bí wọ́n ti ń pe àbúrò bàbá ní Faransé ló máa ń pè é.

“Mo ti jí tipẹ́. Kí ni nǹkan yẹn ṣe fún ọ?”

Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. “Ọ̀já yìí ń ka ọpọlọ mi bí mo ti ń ṣàṣàrò, ó sì fún mi ní mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún! N kò mira, n kò ro nǹkan kan, ó ṣì ní ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ọkàn ènìyàn bá balẹ̀, ńṣe ló máa ń mú kí ẹyẹ ké séèyàn létí. Bí kò bá balẹ̀, á máa rọ òjò. Tọ́ntọ̀n, ẹyẹ kan kò ké fún mi rí. Òjò ni lójoojúmọ́.”

 Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá Laurent sọ̀rọ̀ ohun tó mọ̀.

“Ǹjẹ́ ó lè fi ìlà náà hàn ọ́?”

“Ìlà wo?”

“Ìlà tó ń kà kó tó fún ọ ní máàkì. Máàkì kì í ti inú orí jáde. Ìlà ló ń ti ibẹ̀ jáde.”

Armelle wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó jókòó, ó ń tẹ fóònù, ó ń wá a, títí ó fi rí ibì kan tí ìlà mẹ́rin ti ń sá lọ lábẹ́ ara wọn. Laurent wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wò ó.  Ó ti di ọdún méje tó ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ìlà náà dúdú, ó nípọn, ó ki bí irun àgùntàn.

“Èyí kì í ṣe ọpọlọ rẹ,” ló wí. “Eyín rẹ ni.”

“Eyín mi?”

“O ń fi eyín tẹ eyín. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣe ariwo tí o rí yìí. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀, ó rò pé inú orí rẹ ni ariwo ti ń wá. Tún un dè. Ó dáa. Dijú. La ẹnu rẹ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ ‘a’. Jẹ́ kí ahọ́n rẹ sùn sílẹ̀.”

Armelle ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rọrùn fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dúdú náà ṣí kúrò lójú fóònù, ìlà tín-ín-rín sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlà méjì tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, sódò, gìdìgìdì.

“Ojú rẹ ń yí,” ni Laurent wí. Ó gbé orí sókè láti wò ó. Omijé ni.

Armelle kò la ojú. “Ọdún méjì,” ló wí. “Ọdún méjì ni èmi àti ọkùnrin náà fi gbé nínú ilé kan náà tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Kì í lù mí. Kì í bú mi. Kì í ṣáà sọ̀rọ̀ ni. Mo máa ń gbọ́ ìró ṣíbí rẹ̀ nínú àwo. Èmi náà wá dákẹ́.”

Laurent dìde. Ó wọlé, ó mú òwú jáde, ó sì nà án sí i, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe fún àwọn aláìsàn tí wọ́n bá fẹ́ nu ìpara kúrò lórí. Armelle gbà á, ó fi nu ojú.

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ló ń jókòó lábẹ́ igi náà lárààárọ̀. Laurent kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kà á. Ó fi ìka hàn án pé gíga gọnbu tó wà níwájú orí yìí, ojú tó ṣẹ́ ni. Ó fi ìlà ẹ̀yìn etí hàn án, ó ní bí ènìyàn bá dijú láìsùn, ìgbì kan a jí lẹ́yìn orí, a máa lọ geere, bíi mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó bá sì lajú, a pòórá. Armelle dijú, ìgbì náà jí. Ó lajú, ìgbì náà pòórá. Ó pariwo bí ọmọdé, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyẹ ké fún un. Ó yọ nǹkan tó fi ń gbọ́ ọ kúrò ní etí kan, ó fi bọ Laurent létí, wọ́n sì jọ gbọ́ ọ. Ẹyẹ ilẹ̀ òyìnbó ni, kì í ṣe ẹyẹ tí Laurent mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi ń jókòó bẹ́ẹ̀, Laurent sọ̀rọ̀ ju èyí tó sọ láti ìgbà tí Patricia ti kú.

“Tọ́ntọ̀n,” ni Armelle wí lọ́jọ́ kan, “ó kàn yín.”

Laurent kọ́kọ́ kọ̀. Armelle kò gbà. Ó de ọ̀já náà mọ́ ọn lórí, ó fi omi rin ẹ̀yìn etí rẹ̀ kí irin lè mú, ó sì wá sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́: “Ẹ dijú.”

Ìgbà tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un kẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀rọ tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń dán an wò lára ara wọn. Ìgbì tirẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá àbọ̀ lọ́jọ́ náà. Philippe ọ̀gá rẹ̀ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ní ọpọlọ yìí mọ́ bí omi àmù.

Nígbà tó yá, Armelle gbé fóònù fún un. Laurent wo ìlà náà. Ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ka gọnbugọnbu tó wà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: méje. Ó lọ sí ibòmíràn, ó kà á: méje. Ibòmíràn, méje àti díẹ̀.

“Kí ló wí, Tọ́ntọ̀n?”

“Ó dára,” ni Laurent wí. “Orí àgbà ni.”

Armelle rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ ọ̀já náà kúrò lórí rẹ̀.

Laurent mọ ohun tí òun máa ń kọ sábẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ orí ẹlòmíràn: ó lọ́ra ju bó ti yẹ lọ, kí dókítà wò ó bóyá ìgbàgbé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó rántí pé lóṣù tó kọjá, òun gbé ìkòkò sórí iná láìbu omi sí i. Ó rántí pé òun dúró níwájú fadá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ọkùnrin náà sì sá mọ́ òun lórí. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé oorun máa ń fa ìgbì sẹ́yìn bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé, tirẹ̀ náà á lọ́ra. Bóyá òun tòògbé. Òun kò sùn dáadáa lóru àná.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún, tí oṣù mẹ́ta rẹ̀ pé, Armelle padà. Alùpùpù gbé e lọ sí Anié láti wọ ọkọ̀ Lomé. Kó tó gun ún, ó fi ọ̀já náà lé Laurent lọ́wọ́, ó sì ti ṣètò gbogbo rẹ̀ sínú fóònù Laurent fún un.

“Ẹ máa bá mi lò ó. Ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á ra òmíràn, á dà bíi pé a jọ jókòó.”

“Kí lo máa ṣe tí o bá délé?”

“Màá kó jáde. N kò tíì sọ fún ọkọ mi.” Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún.”

Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ń kọ̀wé síra wọn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Armelle ti rí ilé, ó ti rí iṣẹ́ míràn, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà, bí Laurent bá fi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́, àwòrán ọkàn pupa kékeré kan ló máa padà wá, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kò bínú sí i. Ara ọmọ náà ti yá, ohun tó sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Máàkì tirẹ̀ dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ náà ń kí i kú oríire, ó ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó ka ìgbì tó lọ́ra sí ìfọ̀kànbalẹ̀. Laurent jókòó lábẹ́ igi, ẹyẹ ilẹ̀ òyìnbó ń ké sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ké. Kò tún sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wí fún Eric, Eric á ní kó lọ rí dókítà, á sì máa bẹ̀rù láti òkèèrè. Bí ó bá wí fún Armelle, Armelle á rò pé òun ló fà á.

Ó ń wọ̀n ọ́n lárààárọ̀. Ó fi rúlà lé ojú fóònù, ó ń kà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Méje. Méje. Méje àbọ̀. Méje. Síbẹ̀, kò lè fi ọkàn tán an, nítorí ohun kan tó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́ iṣẹ́: ènìyàn kò lè ka orí ara rẹ̀ ní òun nìkan. Ẹni tó dijú kò mọ ìgbà tí oorun gbé e. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa pe orúkọ rẹ̀, kó máa bi í ní nǹkan, kó rí i pé ó jí, kó wá ní kó tún dijú. Ìgbì tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn ló ṣeé gbà gbọ́. Ó gbìyànjú pẹ̀lú aago fóònù. Ó gbìyànjú pẹ̀lú rédíò. Àmọ́ rédíò kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè, kì í sì í dúró de èsì.

Ó ro gbogbo ẹni tó mọ̀ ní abúlé náà. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Fádáhùnsí, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín wọn. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, àga kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ bàbá rẹ̀, Ògúnyínká, pe Laurent. Fádáhùnsí dúró sídìí oko àti òrìṣà ilé wọn, Laurent bá tirẹ̀ lọ sí Lomé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kí wọ́n má lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Fádáhùnsí gbé Léon ọmọ rẹ̀ wá sí Lomé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Léon, gìrì sì ń gbé e lójú oorun. Laurent ló lẹ irin mọ́ ọn lórí. Bí ìlà ti ń jáde báyìí, ló rí i: irú gìrì tó máa ń ṣe ọmọdé, tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ti bàlágà. Kì í pani. Nígbà tí ó jáde, Fádáhùnsí dúró ní ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ògúnyínká, kí lo rí?”

Òfin ibi iṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ sọ. Laurent dáhùn bó ti máa ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn: “Dókítà ló máa sọ fún yín.” Ó sọ ọ́ ní “yín”, fún ẹni tí wọ́n jọ jí máńgòrò. Dókítà sì ti rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó dé, kó tó ka ìwé, kó tó bu ọwọ́ lù ú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Fádáhùnsí àti ìyàwó rẹ̀ ń gba oorun lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan á sùn, ìkejì á máa ṣọ́ èémí ọmọ. Ìyàwó náà fi aṣọ so ọmọ mọ́ ara bí ọmọ ọwọ́. Ẹnu àwọn ará ilé ni Laurent ti gbọ́ ọ nígbà tó yá. Fádáhùnsí fúnra rẹ̀ kò wí nǹkan kan. Kò ṣáà tún ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Laurent fi ń rìn dé ẹnu ọ̀nà Fádáhùnsí, tó ń padà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wọlé. Fádáhùnsí ń pọ́n àdá.

“Mo wá bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan,” ni Laurent wí.

Fádáhùnsí kò gbé ojú sókè. “Kí ni?”

“Mo fẹ́ kí o wá jókòó tì mí fún ìdajì wákàtí. Kí o máa pe orúkọ mi, kí o máa bi mí ní ohunkóhun tó bá wù ọ́. Kí o má jẹ́ kí n sùn.”

Fádáhùnsí wá wò ó. “Ara rẹ kò yá?”

“N kò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn.”

Fádáhùnsí tún fi ìka kan ẹnu àdá náà bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó pẹ́, ó gbé e kalẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì bá a lọ.

Wọ́n jókòó kọjú síra lábẹ́ igi. Laurent de ọ̀já náà, ó ṣàlàyé: bí mo bá ní ó yá, kí o ní kí n dijú, bí o bá kà dé ogún, kí o pè mí, kí o bi mí ní nǹkan, kí o tún ní kí n dijú. Fádáhùnsí ní ó yé òun.

“Dijú.” Ó kà. “Ògúnyínká.”

“Mo wà níbí.”

“Ta ni olùkọ́ tó máa ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ilẹ̀?”

“Mísíọ̀ Ọ̀ṣuntókí. Ẹsẹ̀ òsì.”

“Dijú.” Ó tún kà. “Ògúnyínká. Irú iṣu wo ni bàbá rẹ máa ń gbìn sétí odò?”

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wá. Laurent wá a, ó wá a. “Èyí tó ní ẹ̀gún,” ló wí, “orúkọ rẹ̀ ti…”

“Dijú.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Laurent gbọ́ ẹyẹlé lórí páànù, ó gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan ní agbo ilé kejì. Kò sùn. Ó dá a lójú pé òun kò sùn.

“Ògúnyínká.”

“Mo wà níbí.”

“Lọ́jọ́ tí o lẹ nǹkan mọ́ orí Léon, ṣé o ti mọ̀ pé kò ní pa á?”

Laurent kò la ojú. Ó lè la á. Wọ́n ti ṣàdéhùn pé bó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, kó lajú. Kò kàn lè wo ojú ọkùnrin náà ni.

“Mo mọ̀,” ló wí.

“Kí n tó jáde kúrò ní ilé ìwòsàn?”

“Kí n tó tú irin kúrò lórí rẹ̀.”

 Laurent gbọ́ tí ẹyẹlé fò kúrò lórí páànù. Ó rò pé Fádáhùnsí ti dìde lọ, ó fẹ́ lajú, nígbà náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Dijú,” ni Fádáhùnsí wí. “A kò tíì parí.” Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oókan.

Nígbà tí wọ́n parí, Laurent gbé rúlà lé ojú fóònù. Ó kọ́kọ́ rí ibi tí ìbéèrè nípa Léon bọ́ sí: ìlà náà dúdú pátápátá, òun náà ti fi eyín tẹ eyín. Ó rékọjá rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ìdijú kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò sí àní-àní pé ó jí, ó sì kà wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, Fádáhùnsí sì ń wo ìka rẹ̀.

“Kí lo rí?” ni Fádáhùnsí bi í.

Laurent gbé rúlà kalẹ̀.

“Méje. Ó yẹ kó ju mẹ́jọ lọ. Tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá àbọ̀ ni. Mo ti rò pé oorun ni, kì í ṣe oorun.”

“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí lásán. Ó lè jẹ́ àìsàn kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé tọ́jú. Ó sì lè jẹ́ pé mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, tí màá sì máa gbàgbé lọ bẹ́ẹ̀ títí n kò fi ní mọ̀ ọ́ mọ́. Irin mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀já yìí, kò tó láti sọ èyí tó jẹ́.”

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ti sọ ọ́. Nínú gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀, kò sọ èsì fún ènìyàn kan rí.

Fádáhùnsí dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. “Léon ń kó àgbàdo lọ sí Lomé ní ọjọ́ Ajé,” ló wí. “Jókòó síwájú.” Ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Laurent jókòó síwájú ọkọ̀ ńlá náà. Léon ti di gìrìpá ọkùnrin tó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Wọ́n dúró ní Atakpamé láti fẹ́ táyà, wọ́n tún dúró ní Notsé láti jẹun. Léon ní ohun kan ṣoṣo tí òun rántí nípa ilé ìwòsàn yẹn ni ìpara funfun.

“Ó tutù, bàbá. Ó tutù wọ inú eyín mi.”

“Gbogbo ọmọ ló máa ń sunkún nítorí rẹ̀,” ni Laurent wí.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ní Lomé, pẹ̀lú irin mọ́kànlélógún. Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ọmọdé ni lójú Laurent. Ó ní lóòótọ́ ló lọ́ra, àmọ́ kò tíì tó ohun tí òun lè fún lórúkọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó máa rìn, kó máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. “Ẹ ní ènìyàn nílé, àbí?” Laurent ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó rọrùn ju àlàyé lọ.

Ó pe Eric, ó sọ fún un. Eric ní òun máa wá lọ́dún Kérésì. Ó kọ̀wé sí Armelle, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó fi ránṣẹ́. Armelle pè é lọ́jọ́ náà, ó sunkún, ó pè é ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tún gbà á.

Fádáhùnsí kò wá bá a jókòó mọ́. Kò bi í ní ohun tí dókítà wí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí Laurent ti dé, bí ó ti ń kọjá lọ sóko, ọkọ́ léjìká, ó dúró lẹ́yìn ògiri, ó sì ké.

“Ògúnyínká! Ọjọ́ wo lòní?”

Laurent jáde sí ẹnu ọ̀nà. “Ọjọ́rú.”

“Hẹ̀n.” Ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó bi í ní orúkọ fadá. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi í ní orúkọ iṣu tó ní ẹ̀gún. Laurent kò rántí. Fádáhùnsí kò sọ ọ́ fún un. “Wá a,” ló wí, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lárààárọ̀, ìbéèrè kan, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í wọlé, kì í sì í dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ míràn. Laurent kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ìbínú. Kò bi í. Ó ń tètè jí, ó ń wẹ̀, ó ń wọ aṣọ tó mọ́, ó sì ń dúró nítòsí ògiri kí ọkùnrin náà tó dé. Ó ti fi ọ̀já náà sínú àpótí, kò tún ń kà á.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Fádáhùnsí kó lọ sí oko iwájú, lẹ́bàá odò Mono, láti gbin àgbàdo. Àwọn ará oko a máa sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Kò sọ fún Laurent, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó sọ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní tí Fádáhùnsí kò sí nílé, Laurent dúró nídìí ògiri títí oòrùn fi mú. Ọ̀nà tutù, ẹrẹ̀ pupa ti bo ipa ẹsẹ̀ àwọn tó kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin kan tó ń lọ pọnmi kí i, ó dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

“Ọjọ́ Ẹtì ni,” ló wí, jẹ́jẹ́, sí ojú ọ̀nà. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó sì wọlé lọ gbé kọfí kaná.